Dùùrù Tó Ṣáájú Màmá Relé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bẹ̀rù jù nígbà tí mo dé Houston, kí ẹ lè mọ irú ọkùnrin tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ìbọn. Freeway ni. Títì tó fẹ̀ bí odò Ògùn nígbà tó bá kún, tí mọ́tò ń sáré lórí ẹ̀ bíi pé wọ́n jí wọn gbé. Ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, tó ti ṣáájú mi dé, ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Òun ń wakọ̀, ó ń kọrin. Èmi di ilẹ̀kùn mú, mo ń ka gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀, nígbà tí mo sì kà wọ́n tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí mi ò mọ̀. Nígbà tó dúró níwájú apartment wa, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ lè fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ báyìí. Kò ní sá lọ."

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà kékeré tó ń bá freeway rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, èyí tí iná pupa ń dá ènìyàn dúró ní gbogbo oríta. Àwọn tí a jọ jáde nílé á ti dé La Porte, wọ́n á ti mu kọfí tán, èmi ṣì ń wo iná pupa lójú. Àmọ́ mo máa ń dé. Ojo kì í tètè dé, ṣùgbọ́n ó máa ń dé.

Ní La Porte, ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń yọ èéfín lẹ́bàá omi níbẹ̀ máa ń ṣe ike wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, àwa là ń tò ó ní àpò-àpò sínú kọ̀ńtẹ́nà. Ọ̀gá wa, òyìnbó gíga kan, kí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé báwo ni nǹkan. Mo dúró dáadáa, mo ní ara le díẹ̀, àmọ́ orúnkún mi ọ̀tún, láti ìgbà tí mo ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn... Kí n tó dé orí àtẹ̀gùn yẹn, ọ̀gá ti wọ ọ́fíìsì ẹ̀, ó ti tilẹ̀kùn. Ọmọ Mẹ́síkò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbá mi léjìká, tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá kí mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń dáhùn. Mo ń tọ́jú ìyókù de Làmídì.

Làmídì ni mo kọ́ níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ìwé tèmi ò pọ̀. Kíláàsì kẹta ní girama ni èmi àti ìwé ti pínyà, a ò sì bá ara wa jà. Ṣùgbọ́n mo ní yàrá kan ní Kútọ̀ tí mo lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri ẹ̀ kí ariwo ìta má bàa wọlé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ti ń wá gba orin wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní "ọkùnrin elẹ́yin" ní Kútọ̀, èmi ni. Nígbà tí mò ń bọ̀, Làmídì ni mo fi yàrá náà lé lọ́wọ́. Òun fúnra ẹ̀ ti di bàbá ọmọ, àmọ́ "Ọ̀gá" ló ṣì ń pè mí, àgàgà tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀gá America! Ṣé ẹ ṣì ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀, àbí ẹ ti di òyìnbó pátápátá?"

"Kí lo rò? Ohun tuntun nìkan là ń lò níbí. Tí nǹkan bá ti lè gbó díẹ̀, wọ́n á jù ú nù."

"Háà! Èmi ṣì wà lórí version sọ́fítíwíà tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi o."

"Máa fara dà á, Làmídì. Ọjọ́ kan, tuntun á kàn ọ́."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ohun èlò kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n.

Kì í ṣe pé ìyà ń jẹ mí. Mo ń jẹun, mò ń sùn, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá jọ̀wọ́ ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa mí lára. Ní Abẹ́òkúta, tí ọkùnrin kan bá bá ìyàwó ẹ̀ jà, gbogbo àdúgbò á ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó jà á tán. Níbí, ẹnì kan ń gbé lókè wa tí mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn àlùbọ́sà díndín. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo máa ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, mo sì máa ń rò ó pé bí mo bá kí i, ṣé ó máa rò pé mo fẹ́ jẹun ni?

Ìjọ Aládùúrà kan tí kò jìnnà sí wa ló mú mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo bọ́ bàtà, mo jókòó sẹ́yìn bí àlejò. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní kí n wá. Ọmọ Ẹ̀gbá bíi tèmi ni wọ́n, arúgbó tó dúró ṣánṣán, tí ohùn wọn tóbi ju ara wọn lọ.

"Kí lo ń ṣe nílé kó o tó wá?"

"Mo máa ń gba orin sílẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n na ìka sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn pẹpẹ. "Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí eruku ń jẹ. Ẹni tó ń lò ó ti kó lọ sí Atlanta. Wọlé tọ̀ ọ́."

Bí mo ṣe di ènìyàn ní Houston nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, sọ́fítíwíà tó wà nínú ẹ̀ sì jẹ́ èyí tí èmi àti Làmídì ń lò gan-an. Nígbà tí mo tàn án tí mo rí ojú tí mo mọ̀, ẹ̀rín ni mo ń rín nìkan nínú yàrá.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú kan, níbi àdúrà, orin bà lé Màmá lórí. Ní ìjọ wa, orin tí Ẹ̀mí bá fún ènìyàn, bó ṣe wá ni à ń gbà á. A kì í sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ pé kó padà sẹ́yìn, kó tún ìlà kejì kọ. Ta ló máa sọ fún Ẹ̀mí pé ohùn ẹ̀ lọ sókè jù? Mo sáré tan ẹ̀rọ, mo gbé máíkì síwájú Màmá, wọ́n sì kọ ọ́ láti òkè délẹ̀:

*Ó mú mi la òkun kọjá,*
*omi ò tó mi lórúnkún.*
*Èmi tí mi ò mọ̀ wẹ̀,*
*mo gúnlẹ̀ láì tutù.*

Lẹ́yìn náà ni a wá dùùrù sí i lábẹ́. Màmá ò fẹ́ dùùrù kankan àfi èyí tó bá dún bíi ti ìjọ tí wọ́n ti dàgbà ní Ìtókò, ní Abẹ́òkúta, dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ tó máa ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ibi tí a ti rí i ni plugin kan. Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ plugin: ká ní sọ́fítíwíà tí a fi ń gba orin jẹ́ ilé ìdáná, plugin ni àwọn èlò tí ènìyàn kó wá síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀kan á mú kí ohùn dán, ọ̀kan á di fèrè, ọ̀kan á di dùùrù. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ò gba ohùn dùùrù kankan sílẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀ kàn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń rántí. Plugin ló ń ka ibi tí ọwọ́ kàn, òun ló ń sọ ọ́ di ohùn, gbogbo ìgbà tí a bá lù ú.

Mo lè sọ dùùrù yẹn di ohùn gidi lọ́jọ́ náà, kí n tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kútọ̀, níbi tí àyè inú kọ̀ǹpútà ti há, tí iná sì lè lọ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kàn nìkan là ń tọ́jú, torí ó fúyẹ́, ó sì yá. Mo ti gbé àṣà Kútọ̀ wá sí Houston pẹ̀lú àwọn ẹrù mi yòókù, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀ òfurufú.

Nígbà tó ṣe, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá lọ́fun. Ara wọn yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ńlá yẹn lọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn fẹ́ relé, kì í ṣe àbẹ̀wò, ìrelé pátápátá. Ọmọ wọn, Táyọ̀, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ epo, bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n fi ọwọ́ sọ fún un pé ó ti tó.

Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí Màmá lọ, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé lọ́jọ́ Sunday ìdágbére, orin yẹn ni àwọn fẹ́ kí a lù. "Mo fẹ́ kí ìjọ kọ ọ́ pẹ̀lú mi kí n tó lọ," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

Mo ní kò sí wàhálà. Táyọ̀ ti ra kọ̀ǹpútà tuntun fún ìjọ kó tó di ìgbà yẹn, ó dán bí awò, a sì ti kó gbogbo orin wa sórí ẹ̀. Sọ́fítíwíà kan náà ni, àmọ́ version tuntun. Mo wọlé lọ́jọ́ Monday, Táyọ̀ tẹ̀ lé mi, mo ṣí orin Màmá. Dípò kó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dá mi dúró bí iná pupa. Ó kọ orúkọ plugin dùùrù yẹn síwájú mi, ó ní òun wá a, òun ò rí i, ṣé kí òun máa lọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kó máa lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ohùn Màmá jáde, ohùn wọn àtijọ́, ó kún inú yàrá. Àmọ́ lábẹ́ ẹ̀, níbi tó yẹ kí dùùrù wà, kò sí nǹkan kan. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mò ń rí dùùrù náà. Gbogbo ibi tí ọwọ́ kàn ló wà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n tò lọ bí ìjàlọ, kò sí ọ̀kan tó sọnù, kò sì sí ọ̀kan tó ń dún.

Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí èmi náà ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ń rí mi ní La Porte, wọ́n ń rí mi nínú ilé ìtajà, wọ́n ń yà fún mi lọ́nà. Gbogbo ohun tí mo jẹ́ ní Kútọ̀ wà lára mi pé pérépéré. Ohun tí kò sí ni ẹni tó lè kà á kó dún. Oníwàásù á rí ìwàásù wákàtí kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi, Sunday ni mò ń rò. Mo jókòó, mo nu ojú mi pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ aṣọ.

Táyọ̀ wá plugin náà kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe é ti kógbá wọlé. Irú èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà, kọ̀ǹpútà ìgbà náà ni wọ́n ṣe é fún, version tuntun ò sì gbà á wọlé mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, dùùrù pọ̀ nínú tuntun yìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni, èmi náà sì gbà á. A mú dùùrù tuntun kan, a fi í ka ibi tí ọwọ́ kàn, ó dún. Mo fi sórí fóònù, mo gba ọ̀nà kékeré mi lọ sílé Táyọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, níbi tí Màmá ń gbé. Gbogbo iná pupa Houston ló kí mi lọ́jọ́ náà.

Màmá gbọ́ ọ, wọ́n kó ojú jọ. Wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn.

"Dùùrù wo rèé?"

"Dùùrù náà ni, Mà. Tuntun ni."

"Bàbá Dúpẹ́. Èyí ń dún bíi ti mọ́tò tó ń ta ice cream."

Mo fẹ́ jiyàn, àmọ́ mo tún un gbọ́, mo sì rí ọmọdé tó ń sáré jáde pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Táyọ̀ ní, "Mọ́mì, ohùn yín ṣáà ni àwọn ènìyàn fẹ́ gbọ́." Màmá mi orí. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́, a ní láti tẹ̀ síwájú kí a tó gbọ́.

"Dùùrù yẹn máa ń mí. Ibi tó bá ti mí ni ìjọ máa gbà wọlé. Tí èyí bá ń dún lọ gbuurugbu báyìí, ta ló máa mọ ibi ọ̀nà? Ohùn tí mo ní nìyẹn o. Wọn ò fún mi ní òmíràn." Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ ńkọ́?"

Èmi wo Táyọ̀. Táyọ̀ wo ilẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù."

Ẹ ò lè rí ọmọ Nàìjíríà kan ní Houston tó ń ju nǹkan nù. Bàtà tó há, ọṣẹ, ìkòkò, fóònù tí ojú ẹ̀ ti là, inú dúrọ́ọ̀mù ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, dúrọ́ọ̀mù á wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ilé. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà tuntun dé ni Màmá ti fi aṣọ òtútù wọn wé ti àtijọ́, wọ́n tì í mọ́ àárín ìrẹsì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọ wọn ní Ìtókò. Gbogbo wa la jọ súre fún un. Dùùrù Màmá ti ṣáájú wọn relé, àwọn fúnra wọn ló sì dì í.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò ní ohùn, èjìká wọn nìkan ló ń mì. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, mo rí ojú wọn, mo sì mọ̀ pé bí dùùrù yẹn kò bá dé kó tó di Sunday, wọ́n á kàn jókòó síbẹ̀ ni, wọn ò ní kọ nǹkan kan.

Ìyá Dúpẹ́ ló ní kí n pe Làmídì. Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé nítorí gbogbo irọ́ tí ẹ ti pa fún un ni?" Mo ní kì í ṣe irọ́, àsọdùn ni. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

"Ọ̀gá America! Kí ló dé tí ohùn yín rọ̀ báyìí?"

"Làmídì. Version àtijọ́ yẹn, ṣé o ṣì mọ̀ ọ́n lò dáadáa?"

Mo gbọ́ bí ẹ̀rín ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Èyí tí wọ́n ń jù nù níbẹ̀ yẹn?"

"Làmídì, jọ̀ọ́."

"Ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi sórí ìgbóhùn kí ìyàwó mi lè gbọ́. Ọ̀gá, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rín in. Nígbà tó yá, mo ṣàlàyé ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà fún un, ó ní, "Ìtókò kẹ̀? Ibí lọ̀hún ni. Màá lọ."

Ó lọ ní Thursday. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó ti Màmá, a sì ń wo Làmídì nínú fóònù.

"Ọ̀gá, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà! Ẹ̀yin náà ń bọ́ bàtà? Èmi rò pé àwa nìkan ni ní mọ́ṣáláṣí."

"Bọ́ bàtà, Làmídì."

Ó yí fóònù síwájú. Kọ̀ǹpútà wa rèé lórí tábìlì nínú yàrá ẹ̀wù, aṣọ funfun bò ó, òdòdó oníke wà lórí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá tíì tàn, wọn ò lè ṣe update fún un sí version tuntun. Àmọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ funfun dúró láàárín Làmídì àti tábìlì náà. Alàgbà ìjọ ni wọ́n.

"A ò tíì yà á sí mímọ́," Alàgbà ní. "Ọjọ́ ìkórè la fi sí. A kì í lo ohun tí a ò bá tíì yà sí mímọ́."

"Bàbá, mi ò ní lò ó," Làmídì ní. "Mo kàn fẹ́ tàn án ni."

"Títàn ni lílò."

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i. Alàgbà fi ọwọ́ dí etí kan. "Ta ló ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn? Ṣé ọ̀rọ̀ àṣírí ni?"

Mo tẹ̀ síwájú. "Màmá ni, Bàbá. Wọ́n ní Ọlọ́run tó máa gbọ́ àdúrà lọ́jọ́ ìkórè, kí ló dí i létí lónìí?"

Alàgbà wo fóònù dáadáa, wọ́n rí ojú Màmá, ojú tiwọn náà yí padà. "Ṣé ìwọ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́? O ò ṣá tíì yí padà." Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé agogo àti omi wá.

Bí mo ṣe rí omi, ẹ̀rù tèmi dé. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má wọ́n ọn sí i lórí o! Iná mọ̀nàmọ́ná ni yóò lò. Ẹ wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ tábìlì!"

"Ẹ̀mí mọ ibi tí iná wà," Alàgbà ní, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tábìlì ni wọ́n wọ́n ọn sí. Wọ́n gbàdúrà tó kún. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀, Làmídì ló ń ṣe àmín tó ga jù.

Ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tó gbé wá, ó tan kọ̀ǹpútà. Ó ṣí orin náà. Kọ̀ǹpútà náà ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dùùrù wọlé, ó mí, ó gun òkè, ó tún mí. Màmá di ojú.

"Òun nìyẹn," wọ́n ní.

Mo ní, "Làmídì, fetí sílẹ̀. Dùùrù nìkan. Sọ ọ́ di ohùn gidi, láti orí orin gan-an. Má gé ìdákẹ́jẹ́ iwájú yẹn kúrò, bí o bá gé e, kò ní bá ohùn Màmá mu. Má sì fi WhatsApp ránṣẹ́, á run ún mọ́lẹ̀."

"Ọ̀gá, ta ló kọ́ mi níṣẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Dùùrù náà wọlé sí Houston lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo kúrò ní La Porte, mi ò lè fara da iná pupa kankan. Mo gun freeway. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń fẹ́ mi lápá ọ̀tún, ń fẹ́ mi lápá òsì, mo sì ń pariwo orin Màmá mọ́ wọn lórí. Ìyá Dúpẹ́ tó ń dúró dè mí ní ìjọ wo aago, ó wò mí. "Ọ̀nà wo lẹ gbà?" Mo sọ fún un. Ó wo mọ́tò náà yípo bóyá ó ti fọ́.

A jọ wọ yàrá lẹ́yìn pẹpẹ. Mo gbé dùùrù Ìtókò sábẹ́ ohùn Màmá, mo mú orí ẹ̀ bá orí orin mu, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bá ara wọn rìn bíi tọkọtaya àtijọ́. Ìyàwó mi jókòó lórí páálí kan, ó bọ́ sálúbàtà nọ́ọ̀sì ẹ̀, ó ní kí n tún un lù.

Wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù pé ìgbà wo ni èmi náà ń bọ̀ wálé. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yẹn máa ń kó ìrònú bá mi. Ní báyìí, mo máa ń ní ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Mo ti mọ ẹni tó ń gbé lókè wa. Obìnrin ni, ará Honduras ni, mo kí i nígbà tó yá, ó sì rò pé mo fẹ́ jẹun lóòótọ́, ó sì fún mi. Ìlú tí wọ́n bá ti bu oúnjẹ fún ènìyàn, tí ó sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan lọ́wọ́, ó ti kúrò ní àlejò níbẹ̀.

Ọjọ́ Sunday pé. Ìjọ kún, funfun lọ bí ẹgbẹ́ lékeléke. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, Màmá wà lórí àga níwájú. Mo tẹ orin. Dùùrù mí, ohùn Màmá àtijọ́ sì jáde, gbogbo ilé gbọ̀n. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Níbi tí dùùrù ti mí lẹ́ẹ̀kejì, ìjọ gbà á wọlé, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe sọ.

Nígbà náà ni mo rí i pé Màmá ti dìde. Wọ́n sún mọ́ máíkì, ẹnu wọn ń mì. Wọ́n ń kọrin. Kò sẹ́ni tó gbọ́, torí ohùn ńlá yẹn, ohùn tiwọn fúnra wọn, bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a ti fi ń wá bí orin náà á ṣe pé. Ẹni tó bá ní làákàyè á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìka mi wà lórí ohùn Màmá lójú kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Táyọ̀ yíjú sí mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo ń fà á lọ. Ohùn àtijọ́ ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó tán. Dùùrù Ìtókò nìkan ló kù, ó ń mí. Ìjọ gbọ́ pé nǹkan ti yí padà, àwọn náà rẹ ohùn wọn sílẹ̀, débi pé ènìyàn ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

Màmá wá ń kọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú máíkì: *mo gúnlẹ̀ láì tutù.* Gbogbo ìjọ tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyá ẹ̀ ń sọ. Wọ́n kọ ọ́ títí dé òpin, dùùrù náà dúró dè wọ́n ní gbogbo ibi tí wọ́n ti mí.

Ẹ̀rù ò bà mí rárá nígbà tí mò ń ṣe é. Ilé ni mo dé kí n tó rántí pé ojo ni mí, mo sì ní kí Ìyá Dúpẹ́ bu omi fún mi.